Mo-ti-mọ̀ Wó Ògiri Kọ̀ǹpútà

Ayafọ́tò kan wà tí etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dópin. Bí èèyàn bá ti sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, á ti já a gbà lẹ́nu onítọ̀hún: “Mo ti mọ̀!” Bí wọ́n bá ní kó ṣọ́ra, omi wà nílẹ̀, á ní òun ti mọ̀, á sì yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń dáhùn, ó rò pé oríkì ni.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ fọ́tò í yà. Òun ló ya Màmá, ìyá arúgbó kan tó pé ọgọ́rin ọdún láìrẹ́rìn-ín nínú fọ́tò rí. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ńṣe ló dà bí ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jí aṣọ rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, bí Mo-ti-mọ̀ ṣe ń fẹ̀yìn rìn kó lè rí gbogbo ẹbí mú, ó jókòó gbì sórí kéèkì. Màmá bú sẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta tó kù sí i lẹ́nu yọ síta, kámẹ́rà sì mú un. Àkọ́bí Màmá, nọ́ọ̀sì kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, sunkún ayọ̀ nígbà tó rí i.

“Bá mi sọ ọ́ di ńlá, kó o fi sí férémù,” ló wí. “Ẹ̀rín yìí la ti ń wá látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa.”

Mo-ti-mọ̀ kó fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó sì nu káàdì kámẹ́rà mọ́ féfé. Yàrá méjì ni wọ́n pín inú kọ̀ǹpútà náà sí. Èkíní ni ẹ̀rọ fi ń kó irinṣẹ́ ara rẹ̀ sí, èkejì ni ti fọ́tò. Yàrá kìíní wá kún dẹ́nu, ẹ̀rọ náà sì ń wọ́ bí ẹni tó jẹun yó lọ́sàn-án. Ni Mo-ti-mọ̀ bá pe ẹni tó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe lórí fóònù.

“Kò le rárá,” lọkùnrin náà wí. “Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fọ́tò yín síbòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ dín yàrá kejì kù díẹ̀, kí yàrá kìíní lè ráyè. Àmọ́ o, ẹ ò gbọdọ̀...”

“Mo ti mọ̀!” Ó gé fóònù.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń fi férémù sí fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbójú sókè. “Bàbá wọn, ṣé ẹ ti ṣe ẹ̀dà wọn?”

“Ìyá wọn, ògiri àárín lásán ni mo fẹ́ wó. Nígbà tí wọ́n wó ògiri pálọ̀ bàbá mi, ṣé àga kan sọnù níbẹ̀ ni?”

“Kọ̀ǹpútà kì í ṣe pálọ̀ o.”

“Mo ti mọ̀.”

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo-ti-mọ̀ tẹ yàrá kejì, ó rí ibi tí wọ́n kọ “Pa á rẹ́” sí, ó gbà pé ògiri ni wọ́n ń wí. Ẹ̀rọ náà fi ọ̀wọ̀ bi í pé gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yìí ló máa lọ o, ṣé ó dá a lójú? Kò kà á tán tó fi tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni”. Ó fẹ yàrá kìíní gba gbogbo ilé, ó wá ń kó fíìmù sínú rẹ̀ títí ó fi kún, kó lè fi dán an wò. Ó nasẹ̀, ó ń súfèé. Ìgbà tó wá fọ́tò Màmá tí kò rí i ni súfèé náà gan mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá fúnra rẹ̀. Ó ní ká ní wọn ò kó fíìmù lé ojú ibẹ̀ ni, ìbá sàn. Fọ́tò kan ṣoṣo ló rí gbà padà: bàtà Mo-ti-mọ̀, tó ṣèèṣì yà.

“Kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn tí mo fi gé fóònù?”

“Mo fẹ́ sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ pa yàrá kejì rẹ́ ni.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo-ti-mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú nọ́ọ̀sì, àmọ́ obìnrin náà ò tiẹ̀ wo ilẹ̀.

“Ìwọ lo pa ẹ̀rín ìyá mi rẹ́. Ìwọ náà lo máa wá a rí.”

Bó ṣe di pé lójoojúmọ́, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, Mo-ti-mọ̀ á forí lé pálọ̀ Màmá nìyẹn. Ó jó. Ó kọ bí àkùkọ. Ó tiẹ̀ ra kéèkì mìíràn, ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lé e. Màmá kàn wò ó, ó ní, “Kéèkì yẹn ìbá dùn.”

Níkẹyìn, ó dé fìlà ọmọ jòjòló, ó dojú bolẹ̀, ẹkún gidi sì gbọ̀n ọ́n. “Màmá, ẹ ṣàánú mi. Mi ò mọ nǹkan kan!”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò mọ nǹkan kan, mà!”

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń gbọ́ “Mo ti mọ̀” láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kámẹ́rà Mo-ti-mọ̀ wà lórí àga lọ́hùn-ún. Fóònù ìyàwó rẹ̀, tó bá a wá lọ́jọ́ yẹn, ló mú ẹ̀rín náà, ó sì mú Mo-ti-mọ̀ nílẹ̀ mọ́ ọn, tòun ti fìlà, tòun ti ikun imú. Ìyàwó ti ṣe ẹ̀dà fọ́tò yẹn síbi mẹ́ta kí ọkọ tó dìde.

Ọkọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gé ara òun kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní rárá, ó ti gé ohun tó tó gé. Ńlá méjì ló ní kó ṣe: ọ̀kan fún pálọ̀ Màmá, ọ̀kan fún ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń kí i pé, “Mi-ò-mọ-nǹkan-kan, ẹ kú iṣẹ́ o!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù yín sí, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹrù náà síbòmíì, bí ẹ̀rọ bá sì bi yín léèrè, ẹ ka ìbéèrè náà tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn sọ̀rọ̀ dópin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá sì ní òun ti mọ èyí náà, kó lọ wo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yẹn.