Àdírẹ́sì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Bèèrè

Fóònù tún ń ké ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko.

Akọ̀wé gbé e. Aránṣọ kan ni, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Ìpè kẹfà rèé! Mò ń ti ojú fèrèsé mi ka egungun ìhà ajá tí wọ́n so sí ẹ̀yìnkùlé yẹn! Ṣé orúkọ lásán ni àánú yín?"

"Ẹ má bínú, mà. A máa wá."

"Síbo? Ẹ ò bèèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ mi rí!"

Akọ̀wé gbé fóònù sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, nílé rẹ̀, ó bu omi, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀.

Ajá ọmọ náà, tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta, fi agbára káká dìde nídìí okùn, ó ń ju ìrù.

Kò wo omi.

Ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ìyá ló ń wò, ó ń retí ọmọ.