Áàsù Ẹ̀yìnkùlé Tòún

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ní kí oníkálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá fún jíìpù tí ìjọ ń tò pọ̀, Tòún, opó Babárìndé, dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ní òun máa fi áàsù tí ọkọ òun fi sílẹ̀ ta Olúwa lọ́rẹ.

Àwọn ará ìjọ kọ́kọ́ ń wo ara wọn lójú ná. Àní Tòún tó ń tún aṣọ rán ní Ìgàndó, tó jẹ́ pé sùtánà kan ṣoṣo ló ń fọ̀ tó tún ń wọ̀! Áàsù ni irin gbọọrọ tó gbé táyà ọ̀tún àti tòsì ró lábẹ́ ọkọ̀. Ti lọ́rì ńlá ni wọ́n sì ń wá, torí pé ẹrẹ̀ ọ̀nà ilẹ̀ àdúrà wọn, lẹ́yìn Àgbàdo lọ́hùn-ún, kì í ṣe èyí tí áàsù jíìpù lásán lè bá jà. Láti ìgbà tí olè ti gbé lọ́rì ìjọ lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń la ẹrẹ̀ náà, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

"Ògo!" Bàbá Alàgbà pariwo. "Babárìndé ò tíì gbàgbé wa!"

Ìjọ náà ò gbàgbé Babárìndé. Òun ló ń ṣọ́ ọgbà ìjọ nígbà ayé rẹ̀, òun náà ni wọ́n bá lára igi máńgòrò tí àwọn olè so ó mọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé lọ́rì lọ. Tòún ló jẹ́rìí nígbà yẹn pé okùn ọ̀hún ò fi àpá kankan sí ọkọ òun lọ́wọ́, gbogbo wọn sì jó sí iṣẹ́ ìyanu náà títí aṣọ fi rin gbindin. Nígbà tó kú, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára bẹ́ǹṣì iwájú.

Àlàó ni wọ́n pè wá yẹ áàsù náà wò. Mùsùlùmí ni ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n áàsù àlòkù ló ń rà tó ń tà ní Ìkòtún, òun ló sì ń bá wọn tọ́jú lọ́rì nígbà tí wọ́n ṣì ní in. Lẹ́yìn ìsìn, èrò tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé Tòún láìwọ bàtà. Tòún, ìyá Promise, fúnra rẹ̀ ló fa tapólì tó bò ó kúrò.

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n!" Àlàó fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Ìyá Promise, wúrà lẹ fi tapólì bò mọ́lẹ̀ yìí o!"

Ó fi ọwọ́ yí ibi tí táyà ń gbé, ó dẹtí sí i. Kò kùn, kò mì. Ó tú ìdérí ikùn rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó ra ọ́ìlì náà láàárín ìka méjì, bóyá ẹ̀rún irin wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tòún náà rẹ́rìn-ín, ó sì wo ojú Ìyá Godswill, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ.

Ó wá ku abẹ́. Àlàó dùbúlẹ̀, ó fi àkísà nu ìdọ̀tí kúrò, kó lè mọ̀ bóyá ó ti ya rí tí wọ́n jó o pọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

"Àbí ẹ ti sùn ni?" Ìyá Godswill bi í. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Promise," Àlàó ké láti abẹ́ irin, "níbo ni Babárìndé ti rí i?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló tà á fún un. Ó ní ogún àwọn ọmọ nìyẹn."

Àlàó bu gíríìsì, ó fi kun abẹ́ irin náà, ó dìde.

"Bàbá Alàgbà, irin yìí ti kú. Jíà inú rẹ̀ ti jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní wúrà!" Tòún ní.

"Mo ti wò ó dáadáa. Bí a bá fi sábẹ́ ọkọ̀, kòtò ló máa kó wọn sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò."

"Ẹ fi sílẹ̀, màmá." Ilẹ̀ ni Àlàó ń wò.

Ìyá Godswill pàtẹ́wọ́. "Ó mà ṣe o! Pàǹtí la fẹ́ fi ta Olúwa lọ́rẹ!"

Ẹ̀rín sọ. Tòún ò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ tó ti kan gíríìsì nu ojú, tó tún fi nu àyà sùtánà rẹ̀. Bó ṣe dúró nìyẹn, pẹ̀lú dúdú lára funfun, lójú gbogbo ìjọ.

Àlàó ní kí wọ́n má dààmú, pé òun máa mú áàsù kan wá fún wọn láti ìsọ̀ òun, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ké halelúyà. Kó tó di Àsárì, ó ti gbé iná ìjórin wá, ó gé áàsù Tòún wẹ́wẹ́ níbi tó wà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kó wà ńbẹ̀ jàre?" Bàbá Alàgbà bi í.

"Kó má baà ṣe ọmọ léṣe ni, bàbá."

Nígbà tí jíìpù parí, orúkọ Àlàó ni wọ́n fi gbàdúrà. Wọ́n tún orúkọ Babárìndé kùn lára bẹ́ǹṣì iwájú, ṣùgbọ́n Tòún ò jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, kó lè tètè jáde kí wọ́n tó máa kí ara wọn.

Wọ́n pàdé ní Ìkòtún lọ́jọ́ kan. Àlàó ló kọ́kọ́ kí i.

"Àlàó," Tòún ní, kò fi ẹ̀yin pè é mọ́, "o dójú tì mí. O dójú ti òkú ọkọ mi."

"Ẹ má bínú, màmá," Àlàó ní, ó sì kọjá.

Nínú gbogbo irin tó gé lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni Àlàó ò tà, tó tì mọ́ inú àpótí nínú ìsọ̀ rẹ̀: awẹ́ tí ojú jíjó wà lára rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó sábẹ́ lọ́rì ìjọ nígbà tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá Babárìndé lára igi máńgòrò.