Ìràwọ̀ Iwájú Orí Gómìnà

"Fá a dé awọ!" ni Màdáámù Lorna ń pariwo. "Àbí o ò gbọ́ tí adájọ́ ìdíje ẹwà ẹṣin ní ẹṣin tójú ẹ̀ bá ṣì nírun ò gbọdọ̀ wọ pápá òun?"

Onígbàjámọ̀ ẹṣin náà rọra ń fi abẹ fá ojú Gómìnà, ẹṣin kékeré tí kò ga ju tábìlì ìjẹun lọ, tí wọ́n sì ń kẹ́ ju gómìnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Ó ti fá imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá ku iwájú orí, níbi tí àmì irun funfun bí ìràwọ̀ wà. Nítorí ìràwọ̀ yìí ni Màdáámù ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ó sì ti fi í yangàn dé gbogbo Texas.

"Mà, ẹ jẹ́ ká fo ibí yìí."

"Ṣé ìwọ lo ni ín? Tá ò bá gba ife lónìí, wá iṣẹ́ míì."

Ó fá a. Irun funfun já bọ́. Lábẹ́ irun funfun tí Ọlọ́run dá, awọ pupa ló máa ń wà. Ti Gómìnà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Yéè! Àwọn tó tà á fún mi ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹni tó kùn ún ló bí i."

Wọ́n pè wọ́n sí pápá. Màdáámù fi ọwọ́ bo ojú àbùkù náà, ó ń gbàdúrà bó ṣe ń lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ni ẹṣin yòókù ti tò. Olúkúlùkù wọn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí ẹṣin tirẹ̀, bí àlùfáà tó ń súre fún ọmọ ìjọ.