Oògùn Tí Kì Í Tètè Kúrò Lára

Faransé ṣì ń ṣe ìjọba nígbà tí Ràímì wà ní ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dákà. Nígbà ìsinmi, ó ra oògùn ọkàn wá fún bàbá rẹ̀ ní Bouaké. Wọn kò tíì kọ́ ọ nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àmọ̀sù, bàbá rẹ̀, kò lè gbé ìtí aṣọ kan ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, mọ́ kí ó má jókòó mí hẹlẹ.

"Láàárọ̀, lálẹ́, ẹ máa lò ó, Bàbá."

Àmọ̀sù fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà, ó fi kan iwájú orí.

"Ọlọ́un á bá mi tọ́jú ẹ, dókítà mi. N ó lò ó."

Inú Ràímì dùn títí dé Dákà. Ó ti di dókítà lójú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, profẹ́sọ̀ dé orí oògùn yìí. Ẹyọ kan lójúmọ́ ń gbé ọkàn ró. Ẹyọ méjì a máa pani díẹ̀díẹ̀, nítorí kì í tètè kúrò lára. Ti àná kò tíì lọ tí ti òní yóò fi gùn ún. Ràímì ka ti bàbá rẹ̀ lórí ìka: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hàmídù, aládùúgbò wọn tí ń kó obì wá sí Dákà, wá kí i.

"Bàbá ẹ ní n kí ọ. Wọ́n ní látìgbà tóo ti fáwọn lóògùn ọ̀ún, kò kúrò lára àwọn."

Hàmídù ń rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ lọ tẹ wáyà sílé, àfi bí wáyà tilé ṣe bá a lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ̀sù ti kú.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, nínú rélùwéè láti Abidjan, ohun kan náà ló ń wí fún ara rẹ̀: ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fata sẹ́nu ni òun. Àwọn ará ọjà ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń yìn ín pé ó tọ́jú bàbá rẹ̀. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa á.

Ó bá Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, lórí ẹní opó. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Màámi, èmi ni mo pa Bàbá. Ẹyọ méjì tí wọ́n ń gbé mì lójúmọ́ yẹn ti pọ̀ jù."

Àtọ́kẹ́ fà á lápá dìde.

"Gbé mì kẹ̀? Ṣebí lílò lo ní kí wọ́n máa lò ó. Ọjọ́ tóo lọ gan-an ni wọ́n ti ní kí wọ́n fi awọ rán an bíi tírà fáwọn, ìbàdí wọn la sì ti tú u nígbà tá a fẹ́ wẹ̀ wọ́n, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀, hóró kan ò dín."