Ìkọ́ Àkàbà Tó Dán Lóde

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ fò ó. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín ló ń bá wí.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń yọ́ alumíníọ̀mù, tó ń dà á sínú mọ́ọ̀dù oníyanrìn. Onídán ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó bá ṣe máa ń dán débi pé ẹ lè fi wojú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a kóná. Iṣẹ́ náà ò gba wàdùwàdù: mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ ha ìdọ̀tí ojú irin tó yọ́ kúrò, kí wọ́n sì jẹ́ kó rọra tutù fúnra rẹ̀. Onídán mọ gbogbo èyí bí ẹni mowó.

2.
Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe pẹ́ńtà wá gba ìkọ́ tí yóò fi há àkàbà mọ́ etí òrùlé. Ìyàwó fọwọ́ kan mọ́ọ̀dù.

"Bàbá ọmọ mi, yanrìn yìí ṣì tutù o. Omi inú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́, á dá ihò sínú irin."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró!"

Ó dà á. Kó lè tètè le, ó tún bu omi tútù lù ú. Ó fi fáìlì ha ojú rẹ̀, ó nù ún, ló bá ń kọ mànà.

"Àbúrò mi, iṣẹ́ ẹ wù mí o!" Ẹ̀gbọ́n kó méjì nínú mẹ́ta tó dà, ó lọ.

3.
Ìkọ́ kan ṣẹ́kù lórí tábìlì. Ìyàwó ń gbálẹ̀, ó fara gbá a, ó já bọ́, ó dá sí méjì. Ihò wínníwínní ló kún inú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Onídán ṣà á nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ tètè pe ẹ̀gbọ́n yín!"

"Kí n ní kí ni? Pé èmi Onídán fún un ní ìkọ́ oníhò? Bóyá èyí nìkan ni ò dáa."

Ó ju èyí tó dá padà sínú iná. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún, á ta gìrì.

4.
Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gbéra lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lórí àkàbà lókè téńté, ó ń kun ògiri, ó ń súfèé. Onílé dúró nísàlẹ̀.

"Àbúrò mi rèé!" ni ẹ̀gbọ́n ké látòkè. "Òun ló ṣe ìkọ́ yìí!"

Onílé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń fẹ́ irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ti wà létè Onídán. Ojú tì í. Ó ń dúró kí onílé kọ́kọ́ wọlé ná kó tó sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn sì bò ó.

Onílé ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìkọ́ fi dá.

5.
Ẹ̀gbọ́n ò kú, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, kò lè dá dìde mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Má sunkún mọ́. Àṣìṣe ni. Ìwọ náà ò kúkú mọ̀."

Onídán wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, yálà irin lẹ ń dà ni o, yálà ilé lẹ ń kọ́, ẹ má fi ìkánjú fo ohun tí iṣẹ́ yín gbà. Bí ẹ bá sì ti fò ó, ẹ sọ ọ́ lónìí, kódà níwájú ẹni tó ń yìn yín. Ìtìjú á kọjá. Ẹni tó já bọ́ ò ní padà sókè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ohun tí ẹlòmíì máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lórí.