Ẹ̀rọ Tó Wà Létí Bàbá

Níbi ìpàdé àdéhùn òwò láàárín ilẹ̀ méjì, aṣojú ilẹ̀ kékeré, bàbá arúgbó kan, fọwọ́ gbá ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó wà létí ẹ̀, ó sì mi orí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Aṣojú ilẹ̀ olówó rò pé bàbá kọ̀ ni. “Ó dáa, a ó dín owó ibodè orí òwú yín kù sí ìdajì.”

Bàbá tún mi orí.

“A ò gba kọ́bọ̀ mọ́! A ò sì ní béèrè pé kí ẹ ta ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yín fún wa mọ́!” Òógùn ti bo olówó. Ó sáré fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí bàbá tó tún mi orí. Bàbá kà á tán, ó fọwọ́ sí i.

Ìgbà náà ni ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn tú ẹ̀rọ náà wò. “Yéè! Bàbá, ẹ má bínú, kò sí bátìrì nínú ẹ̀!”

“Ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ni?” ni bàbá wí, ó ń fọwọ́ yí bátìrì méjì nínú àpò kóòtù ẹ̀.