Gafar àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Imú Ọkọ̀ Sókè

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kà á dé àárín tó sì fi í sílẹ̀, ẹ̀rín nìkan ni yóò bá níbẹ̀.

1.
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gafar, ọjà Dei-Dei ní Àbújá ló ti ń ta táìlì tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé. Ọlọ́run bù sí i fún un. Ó kọ́lé sí Galadimawa, ó sì ti rí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn: Rahmah, olùkọ́ tó mọ̀wé tó sì mọ̀wà hù, ọmọ Àlàájì Babalọlá tó ń gbé ní Orozo. Ohun kan ló kù tó ń jẹ Gafar lọ́kàn. Ó fẹ́ ọkọ̀ spọ́ọ̀tì, irú èyí tó rẹlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn gbálẹ̀.

2.
Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Saeed, mẹkáníìkì ní Life Camp, ni wọ́n jọ lọ bá Lydia, obìnrin tó ń bá àwọn olówó ṣètò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Lydia tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí Gafar yan ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n fi kún ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kó má ju ohun mẹ́fà lọ.

"Bẹ́líìtì pupa," ni Gafar wí.

"Ó ti wọlé, ọ̀gá."

"Sàlẹ́ńsà tó ń bú bíi kìnnìún. Ẹsẹ̀ táyà aláwọ̀ góòlù. Gíláàsì dúdú. Iná tó ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kí wọ́n sì fi òwú góòlù kọ 'Àlàájì Gafar' sára ìrọ̀rí àga."

Lydia gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti lọ sí Mẹ́kà, ọ̀gá?"

"Àga ló máa ṣáájú mi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Saeed kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Gafar, èyí ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè bó bá dé orí bọ́ǹpù ojú ọ̀nà. Yọ iná abẹ́ ilẹ̀kùn, kó o fi èyí rọ́pò. Ìwọ tí àna rẹ ń gbé Orozo, níbi tí bọ́ǹpù kún ojú ọ̀nà!"

"Bọ̀dá Saeed, ta ló máa rí i?"

"Bọ́ǹpù máa rí i."

"Ẹ̀yin mẹkáníìkì! Níbi tí ọkọ̀ ti ń bàjẹ́ lẹ ti ń jẹun, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ìbàjẹ́ níbi gbogbo. Èmi ò lè náwó sórí ohun tí ojú kò rí."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o. Òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí.

3.
Ọkọ̀ dé lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Sátidé tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí. Àlàájì Babalọlá ránṣẹ́ pé aago méjì ni kí wọ́n dé, kí Gafar fúnra rẹ̀ wá kí àwọn àgbà, kí ọ̀rọ̀ sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, torí pé àwọn kan yóò padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà.

Ràdíátù, ìyá Gafar, ní kó bá àwọn ẹbí wọ bọ́ọ̀sì kan náà.

"Ìyá mi, kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ fẹ́yàwó? Ẹ máa lọ. Ẹ ó gbọ́ ohùn mi kẹ́ ẹ tó rí mi."

4.
Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Orozo ti fi sìmẹ́ńtì mọ bọ́ǹpù sójú ọ̀nà fúnra wọn, torí àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré pa ọmọ ọlọ́mọ. Bọ́ọ̀sì gun kiní náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ. Nígbà tí Gafar dé ibẹ̀, imú ọkọ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ jókòó lé bọ́ǹpù, gbàgà! Kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn.

"Kai! Sànnu, Àlàájì," ni ọlọ́kadà kan fi èdè Haúsá bá a kẹ́dùn. "Gun ẹ̀yìn mi, kí n gbé ọ lọ."

Gafar ní òun kò gun ọ̀kadà. Ó pe àwọn tó ń fa ọkọ̀ láti ìgboro.

Rahmah pè é lórí fóònù. "Ẹ fẹsẹ̀ rìn wá, ẹ jọ̀ọ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bàbá mi ti ń wo aago."

"Ní sùúrù, olólùfẹ́. Wọ́n ń bọ̀ wá fà á."

Saeed fúnra rẹ̀ sáré wá. "Gafar, àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún ló jókòó dè ọ́!"

"Bọ̀dá, ṣé kí n fi ẹsẹ̀ eléruku wọlé àna mi? Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí mi."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ rí, àbí ọkọ̀?"

Gafar tún pe àwọn tó ń fa ọkọ̀. Aago mẹ́ta lù. Kó tó di aago mẹ́rin, ládánì pe ìrun Aláásárì.

5.
Aago márùn-ún ti kọjá kí wọ́n tó fa ọkọ̀ náà kúrò, kí Gafar sì tó dé ilé Àlàájì Babalọlá. Àwọn àlejò ti lọ, àwọn ìyàwó ilé ń to àga jọ. Gafar dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá funfun rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Àlàájì Babalọlá wí. "N kò bínú pé ọkọ̀ rẹ há. Ta ni ọkọ̀ rẹ̀ kì í há? Ṣùgbọ́n o ní ẹsẹ̀ méjì, o kò sì lò wọ́n. Bí Rahmah bá ń rọbí lọ́jọ́ kan, ṣé wàá kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tó yẹ ọ́ kó o tó gbé e?"

Gafar yíjú sí Rahmah. Omi wà lójú ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pè yín. Sùúrù lẹ ní kí n ní. Mo ti ní in tó."

Ìyá Gafar bẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀bẹ̀ títí oṣù méjì. Rahmah kò gbà.

Ìwọ tó ń ka èyí, kì í ṣe ọkọ̀ ni mo ń bá wí. Ra ọkọ̀ bí Ọlọ́run bá fún ọ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá ń yàn, má fi ohun tí yóò gbé ọ dé ibi tó ò ń lọ sílẹ̀ nítorí ohun tí àwọn èrò ẹ̀bá ọ̀nà yóò wò. Bí ọ̀nà bá sì há, sọ̀ kalẹ̀, fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ ń dúró dè ọ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.